Èwo Ló Dára Jù Nínú Orin Sunny Adé?

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, ní ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń tún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe ní Lágere, ní Ilé-Ifẹ̀, mo bá àwọn àgbàlagbà mẹ́ta àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n ń jiyàn. Iná ti lọ, iṣẹ́ kò sì lè tẹ̀ síwájú. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà yóò pé ẹni àádọ́rin ọdún ní oṣù tó ń bọ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti ṣètò gbogbo nǹkan: àga, oúnjẹ, aṣọ ẹbí, àti ẹni tí yóò máa fi ẹ̀rọ gbé orin sí i. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n fi sílẹ̀ fún un. Wọ́n ní, "Bàbá, ẹ mú orin Sunny Adé márùn-ún tó dára jù, kí á kó wọn sínú fìláàṣì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó ju márùn-ún lọ. Àwọn àlejò ayé ìsinsìnyí kò ní sùúrù."

Ọ̀rọ̀ yìí ni Bàbá gbé wá bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó rò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni yóò gbà. Èmi tí mo kàn wá gba rédíò ni wọ́n fún ní bírò pé kí n máa kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ fi ṣú, orúkọ orin tó wà lórí ìwé mi ti lé ní ogún, kò sì sí ẹyọ kan tí gbogbo wọn fọwọ́ sí.

Àwọn kan lè sọ pé iyàn orin kò já mọ́ nǹkan kan, pé ohun tó wu kálukú ló wù ú. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo délé tí mo tún ìwé náà wò, mo rí i pé kì í ṣe orin nìkan ni àwọn èèyàn wọ̀nyí ń bá ara wọn jiyàn lé lórí. Òṣùwọ̀n ọwọ́ wọn ni kò dọ́gba. Ẹnì kan ń fi ẹ̀kọ́ wọn orin, ẹnì kan ń fi ijó wọ̀n ọ́n, ẹnì kan ń fi òkìkí wọ̀n ọ́n. Bí àwa akẹ́kọ̀ọ́, olùkọ́ àti òbí bá fẹ́ mọ orin dá, ó yẹ kí á gbé àwọn òṣùwọ̀n náà yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí á sì wo ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò lè wọ̀n.

Kí á tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n rán wa létí ẹni tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọdún 1946 ni wọ́n bí King Sunny Adé ní Òṣogbo, ìdílé ọba ní Oǹdó ló sì ti wá. Lábẹ́ Moses Ọláìyá, ẹni tí gbogbo wa mọ̀ sí Bàbá Sàlá, ló ti kọ́ iṣẹ́ kí ó tó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Green Spots sílẹ̀ ní ọdún 1967. Nígbà tó yá, ẹgbẹ́ náà di African Beats. Orin jùjú kò bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Túndé King ti ń kọ ọ́ l'Ékòó ní àwọn ọdún 1930, I. K. Dairo sì ti sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká kí Sunny tó dé. Ohun tí Sunny ṣe ni pé ó sọ gìtá di púpọ̀, ó fún ìlù láyè láti sọ̀rọ̀, ó sì jẹ́ kí gbogbo wọn máa rìn pọ̀ láìtẹ ara wọn mọ́lẹ̀. Ilé-Ifẹ̀ níbí náà mọ iyì rẹ̀: ní ọdún 2009, Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pè é wá gẹ́gẹ́ bí ọ̀jọ̀gbọ́n àlejò nínú ìmọ̀ orin.

Òṣùwọ̀n kìíní ni ti ẹ̀kọ́. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì ló gbé e kalẹ̀. Ó ní orin tí kò bá kọ́ni lọ́gbọ́n, ariwo lásán ni. Ó mú "Mo Bẹ̀rù Àgbà", nítorí pé ó ń rán ọmọ létí ìtẹríba. Ó tún mú "Wait for Me", tí Sunny àti Onyeka Onwenu jọ kọ ní ìparí àwọn ọdún 1980 láti fi la àwọn èèyàn lọ́yẹ̀ nípa ìfètòsọ́mọbíbí. Ó ní orin tó ń kìlọ̀ fún ọ̀dọ́ kí ó má fi ìkánjú bímọ, kí ni a tún ń wá?

Èmi náà fẹ́ràn òṣùwọ̀n yìí, nítorí òun ni wọ́n fi tọ́ wa ní ilé ìwé. Bí olùkọ́ bá ní kí á kọ àròkọ nípa orin kan, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé, "Ẹ̀kọ́ wo ni orin náà kọ́ wa?" Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ẹ̀kọ́ nìkan ló ń mú orin dára, ìwé ìkéde tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ilé ìwòsàn ì bá tó. Ọ̀rọ̀ ìfètòsọ́mọbíbí wà lára ògiri yẹn, a sì ń kọjá lára rẹ̀ láìwò ó lẹ́ẹ̀mejì. Kí ló dé tí "Wait for Me" fi dúró sọ́kàn àwọn òbí wa? Ìdí ni pé ohùn ọkùnrin àti ohùn obìnrin ló ń dá ara wọn lóhùn níbẹ̀. Ìmọ̀ràn tí ìbá dà bí àṣẹ ìjọba di ọ̀rọ̀ ìfẹ́ láàárín ẹni méjì. Bí a bá gba ohùn kan kúrò, tí a ní kí ẹnì kan ṣoṣo máa kìlọ̀ fún wa, ẹ̀kọ́ náà kò yí padà, ṣùgbọ́n orin náà ti kú. Nítorí náà, ọ̀nà tí wọ́n gbà kọ orin náà ló gbé ẹ̀kọ́ rẹ̀ wọlé. Ẹni tó bá yin ẹ̀kọ́ náà láìmẹ́nu kan ọ̀nà yìí kò tíì yin orin náà.

Òṣùwọ̀n kejì ni ti ijó. Onírédíò fúnra rẹ̀ ló ni èyí. Ó ní, "Ẹ̀yin Tíṣà, ẹ fi ìwé sílẹ̀. Orin tó bá dára, ẹsẹ̀ ni yóò sọ fún ọ." Gbogbo orin tó mú ló jẹ́ ti àwọn ọdún 1970, ìgbà tí Sunny bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìlù rẹ̀ ní Synchro System. Ó dìde, ó sì jó díẹ̀ hàn wá láìsí orin kankan, bí ẹni pé gbogbo ìlù náà ṣì wà nínú ara rẹ̀.

Òótọ́ ńlá wà nínú ọ̀rọ̀ tirẹ̀ náà. Ara máa ń rántí ohun tí ọpọlọ ti gbàgbé. Nínú orin jùjú, ìlù àti gìtá ló pọ̀ jù, ẹni tó bá sì ń fetí sí ọ̀rọ̀ nìkan ń fi ìdajì iṣẹ́ olórin ṣòfò. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kì í ṣe ẹlẹ́rìí tó ṣeé gbọ́kàn lé pátápátá. Ní òde àríyá, kì í ṣe orin nìkan ló ń gbé wa dìde. A ti jẹun yó, aṣọ ẹbí wà lára wa, olórin ń fi orúkọ bàbá wa kì wá, àwọn ọ̀rẹ́ sì ń ná owó mọ́ wa níwájú. Orin tí kò dára tó bẹ́ẹ̀ pàápàá lè dùn lọ́jọ́ náà. Ó yẹ kí á bi ara wa pé: bí mo bá gbọ́ ọ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, nígbà tí mo ń fọ abọ́, ṣé yóò ṣì gbé mi?

Òṣùwọ̀n kẹta ni ti òkìkí. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń kọ́ṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù náà ló ni ín. Ó kọ́kọ́ tọrọ gáfárà lọ́wọ́ àwọn àgbà, ó wá ní gbogbo iyàn yìí kò pọn dandan, nítorí pé ayé ti yàn fún wa. Ó ní ní ọdún 1982, ilé iṣẹ́ Island Records gbé àwo kan tí wọ́n pè ní "Juju Music" jáde, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tó ń jẹ́ Martin Meissonnier ló darí rẹ̀, òun sì ni àwọn òyìnbó fi mọ Sunny. Ní ọdún 1983, "Synchro System" tẹ̀ lé e, wọ́n sì fa Sunny kalẹ̀ fún ẹ̀bùn Grammy ní 1984. Stevie Wonder fúnra rẹ̀ bá a fun fèrè ẹnu nínú àwo "Aura" ní ọdún 1984 kan náà. Ó béèrè pé, "Ẹ̀rí wo ni ẹ tún ń wá?"

Kò sí irọ́ nínú àlàyé ọmọ náà, ìwúrí ló sì jẹ́ fún gbogbo ẹni tó ń sọ Yorùbá pé a kọ orin náà ní èdè wa, ayé sì gbọ́ ọ. Àmọ́ òkìkí ń sọ iye ẹni tó gbọ́ orin, kì í sọ ohun tí wọ́n gbọ́ nínú rẹ̀. Ẹ wo ẹ̀ka tí wọ́n fi "Synchro System" sí nínú ìdíje Grammy yẹn: ẹ̀ka orin ìbílẹ̀ ni. Ẹgbẹ́ tí gìtá alágbára iná pọ̀ nínú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, tí wọ́n gba ohùn wọn sílẹ̀ ní sítúdíò ìgbàlódé, ni wọ́n kó pọ̀ mọ́ orin àtijọ́. Àwọn adájọ́ náà kò mọ ibi tí wọn ì bá gbé e sí. Lẹ́yìn àwo mẹ́ta, Island pẹ̀lú rẹ̀ pínyà. Bí òkìkí bá jẹ́ òṣùwọ̀n, ohun tí a ń wí ni pé olórin yìí dára fún ọdún mẹ́ta péré, pé gbogbo ohun tó ṣe láti 1967 kò dára tó, àti pé ohun tó ṣe lẹ́yìn náà kò kà. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwo "Odù" gbé orúkọ rẹ̀ padà síwájú àwọn adájọ́ Grammy ní ọdún 1999. Kò gba ẹ̀bùn náà nínú méjèèjì. Ṣé a wá fẹ́ sọ pé kò sí ohun tó dára nínú wọn ni?

Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ibi yìí, a ṣàkíyèsí pé Bàbá tó ni ọjọ́ ìbí kò tíì mú orin kankan. Onírédíò ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ ni ayẹyẹ. Èwo ni tiyín?"

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó wá ní òun kò mọ orúkọ rẹ̀. Ó ní àwo kan wà tí òun rà nígbà tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó. Bí ìyá àwọn ọmọ òun bá ti ń dáná ní ọjọ́ Àìkú, yóò ní kí òun gbé ojú kejì àwo náà sí i. Ibì kan wà nínú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò kọrin, tí gìtá nìkan ń sọ̀rọ̀, tí gángan sì ń dá a lóhùn. Ibẹ̀ ni ìyá yóò ti fi ọmọ orógùn sílẹ̀ tí yóò jáde síta. Ìyá náà ti di olóògbé. Ó ní, "Ibẹ̀ yẹn ni mo fẹ́ kí àwọn ọmọ gbọ́. Ṣùgbọ́n kò ní orúkọ. Báwo ni mo ṣe fẹ́ kọ ọ́ sí ọ̀kan nínú márùn-ún?"

Kò sẹ́ni tó lè dá a lóhùn. Èmi pàápàá kò mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ yẹn, àfi ìgbà tí mo ronú sí i: ìbéèrè Bàbá ju gbogbo iyàn wa lọ. A ti ń to orin sí ipò kìíní, ipò kejì, láìkọ́kọ́ béèrè pé kí ni à ń pè ní orin kan.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún àwọn ọ̀dọ́ tí kò bá àwo pàdé. Nígbà tí Sunny bẹ̀rẹ̀, àwo kékeré ló wọ́pọ̀, ojú kan rẹ̀ kò sì gbà ju bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Orin bọ́ọ̀lù tó sọ ọ́ di gbajúmọ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1960, "Challenge Cup", irú àwo bẹ́ẹ̀ ló wà fún. Lẹ́yìn náà ni àwo ńlá gbòde, èyí tí ojú kan rẹ̀ ń gba bí ogún ìṣẹ́jú. Àwọn onígìtá ilẹ̀ òkèèrè sábà máa ń kó orin márùn-ún tàbí mẹ́fà sójú kan. Àwọn olórin jùjú wa ṣe é lọ́nà mìíràn. Wọ́n sọ ojú kan di òde àríyá kan. Olórin yóò kí èèyàn, yóò gbàdúrà, yóò yin ọlọ́lá kan, yóò pòwe, yóò dákẹ́ kí gìtá lè rìn, ìlù yóò yí padà, orin mìíràn yóò sì ti inú èyí tó wà nílẹ̀ yọ, láìdúró, títí abẹ́rẹ́ yóò fi dé àárín àwo. Wọ́n lè to orúkọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin sára àwo náà, ṣùgbọ́n etí kì í rí ààlà láàárín wọn.

Ìrìn àjò láti Ifẹ̀ lọ sí Ìbàdàn ni mo fi wé. A ó gba Gbọ̀ngán, a ó gba Ìkirè, a ó kọjá Aṣéjìrẹ́. Bí ẹnì kan bá bi wá pé ibo ló dára jù lójú ọ̀nà yẹn, a lè dárúkọ ibi tí a ti ra dòdò Ìkirè. Ṣùgbọ́n dòdò nìkan kọ́ ni ìrìn àjò. Bí a bá gé Ìkirè jáde tí a gbé e fún ẹnì kan, kò tíì rin ọ̀nà náà.

Nínú èyí ni Sunny àti Ebenezer Obey ti yàtọ̀ díẹ̀, àwọn méjèèjì tí àwọn bàbá wa kì í yé jiyàn lé lórí. Obey mọ ìtàn sọ. Orin rẹ̀ nípa ọkùnrin kan, ọmọ rẹ̀ àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin bí àlọ́, èèyàn lè sọ ọ́ fún ẹni tí kò gbọ́ ọ rí, ẹ̀kọ́ rẹ̀ yóò sì yé e. Irú orin bẹ́ẹ̀ rọrùn láti tò sí ipò. Àwọn ibi tó dùn jù nínú iṣẹ́ Sunny kò ṣeé sọ fún ẹnikẹ́ni báyìí, àfi kí ó gbọ́. Kì í ṣe pé ọ̀kan dára ju èkejì lọ. Òṣùwọ̀n tó tọ́ sí ọ̀kan ni kò tọ́ sí èkejì.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Bàbá gbé àwo náà wá. Ìwé ara rẹ̀ ti ya, a kò lè ka orúkọ rẹ̀ tán. Onírédíò gbé ẹ̀rọ àtijọ́ kan tó ti tún ṣe jáde, ó nu abẹ́rẹ́ rẹ̀, a sì jókòó. Ogún ìṣẹ́jú ni a fi gbọ́ ojú kejì láìsọ̀rọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ń wo fóònù rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, ó béèrè pé, "Ìgbà wo ló fẹ́ kọrin?" Ọ̀gá rẹ̀ ní, "Ó ti ń kọ ọ́." Nígbà tí a dé ibi tí Bàbá ń sọ, gìtá kan ń tún ọ̀rọ̀ kékeré kan wí léraléra, òmíràn sì ń rìn yí i ká, gángan ń bọ́ sáàárín bí àgbà tó ń fi òwe ti ọ̀rọ̀ lẹ́yìn. Ọmọ náà ti gbé fóònù rẹ̀ sílẹ̀. Èmi kò lè sọ pé mo mọ ohun tó gbọ́, ṣùgbọ́n mo rí i pé ó ń gbọ́.

Ṣé ohun tí mo ń wí ni pé kí á má to orin sí ipò mọ́? Rárá o. Ẹni tó bá ní gbogbo rẹ̀ ló dára kò tíì fetí sílẹ̀. Èmi náà ní èyí tí mo fi ṣe ìkíní, mo sì gbọ́dọ̀ sọ ìdí rẹ̀. "Jà Fún Mi" ni, orin tó ṣíwájú nínú àwo "Juju Music" ti ọdún 1982. Mo mọ̀ pé àwọn àgbà kan yóò ní àwo òyìnbó ni, pé wọ́n gé orin sí wẹ́wẹ́ níbẹ̀. Òótọ́ ni. Orin méje ló wà nínú àwo yẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì dá dúró. Ṣùgbọ́n orin yìí gba ìṣẹ́jú méje àti díẹ̀, àyè sì wà nínú rẹ̀ láti mí.

Ìdí àkọ́kọ́ ni pé ohùn àti ọ̀rọ̀ rẹ̀ ta kora lọ́nà tó ní ọgbọ́n. Ẹ̀bẹ̀ ni orin náà. Ẹni tó ń kọ ọ́ ń bẹ orí rẹ̀ pé kí ó bá òun jà. Ìjà jẹ́ ọ̀rọ̀ tó le. Olórin mìíràn ì bá pariwo, ì bá sáré ìlù, ì bá dárúkọ ọ̀tá. Sunny rọra kọ ọ́ ni, bí ẹni tó ń bá ẹnì kan nínú ilé sọ̀rọ̀. Ìlù rẹ̀ kò kánjú. Nínú ìrọ̀rùn yẹn ni a ti mọ irú ìjà tó ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ẹni tó fi ìjà lé orí rẹ̀ lọ́wọ́ kò nílò láti gbé igi. Bí ó bá pariwo ni, ìtumọ̀ rẹ̀ ì bá bàjẹ́, a ó kàn rò pé ó ń halẹ̀ mọ́ ẹnì kan.

Ìdí kejì ni pé àwọn ohun èlò náà ń gbàdúrà. Gìtá onírin tí Adémọ́lá Adépòjù ń ta, èyí tí okùn rẹ̀ ń yọ̀ láti ohùn kan bọ́ sí òmíràn bí ohùn èèyàn, bá èdè Yorùbá mu ju bí a ti rò lọ, nítorí pé èdè wa fúnra rẹ̀ ń gòkè, ó ń sọ̀kalẹ̀. Adépòjù yìí kan náà ló ta irú gìtá bẹ́ẹ̀ nínú àwo "Graceland" tí Paul Simon ṣe ní ọdún 1986. Ohun èlò tí a gbà láti ọ̀nà jíjìn ló di ẹlégbè fún gángan tiwa.

Ìdí kẹta kan àwa tí a ń gbé Ilé-Ifẹ̀ ju ẹlòmíràn lọ. Ní ọdún 1938, àwọn tó ń kọ́lé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀, nítòsí ààfin, rí àwọn orí idẹ nínú ilẹ̀, àwọn orí tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí. Nínú ọ̀pọ̀ ère Ifẹ̀ tí a gbẹ́ pẹ̀lú ara, orí tóbi ju bó ṣe yẹ kó rí sí ara lọ. Kì í ṣe pé ọwọ́ àwọn ọnà-ṣíṣe ìgbà náà kò tó o, nítorí ojú tí wọ́n ṣe péye bí ojú alààyè. Wọ́n mọ̀ pé orí ló jù ni. Àwọn àgbà wa ní orí là bá bọ, à bá f'òrìṣà sílẹ̀. Nígbà tí Sunny kọ orin sí orí, tí ó sì kọ́kọ́ gbé e síwájú àwọn àjèjì tí kò gbọ́ èdè rẹ̀, ohun tí àwọn alágbẹ̀dẹ Ifẹ̀ ti ṣe ni òun náà ṣe: ó gbé ohun tó tóbi jù síwájú. Ẹni tó gbọ́ èdè gba àdúrà, ẹni tí kò gbọ́ ọ gba ìfọ̀kànbalẹ̀. Mi ò mọ orin rẹ̀ mìíràn tó ṣe méjèèjì tó báyìí.

Ohun tí orin yìí kò ní ni mo gbọ́dọ̀ sọ pẹ̀lú. Kò ní oríkì ọlọ́lá, kò ní ìkíni, kò ní ìyípadà láti orin kan bọ́ sí òmíràn tó jẹ́ ẹ̀mí òde àríyá. Ẹni tó bá mọ Sunny nípasẹ̀ rẹ̀ nìkan mọ ìdajì rẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe gbà pé ìwé tí a fi ń to orin sí ipò kò lè pé bí ojú àwo kan kò bá sí nínú rẹ̀ ní odindi.

Bí a ṣe parí ti Bàbá náà nìyẹn. Mo kọ orin mẹ́rin sílẹ̀ fún un, kálukú sì sọ ìdí tirẹ̀: "Jà Fún Mi" fún àdúrà ìbẹ̀rẹ̀, "Mo Bẹ̀rù Àgbà" nígbà tí àwọn ọmọ bá wá kí i, "Wait for Me" fún àwọn tọkọtaya tó wà níbẹ̀, àti "Synchro System" nígbà tí ijó bá dé. Ohun karùn-ún kò ní orúkọ. Mo kọ ọ́ báyìí: "Ojú kejì àwo Bàbá, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹnikẹ́ni má gé e." Onírédíò ló fi ẹ̀rọ rẹ̀ gba ohùn rẹ̀ sínú fìláàṣì.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá fẹ́ jiyàn orin lẹ́yìn èyí, yálà ti Sunny ni tàbí ti àwọn ọ̀dọ́ olórin ìwòyí, ẹ má kàn dárúkọ ìkíní, ìkejì. Ẹ sọ ohun tí etí yín gbọ́ tó mú kí ó jẹ́ ìkíní. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, lẹ́yìn tí ẹ bá ti béèrè ẹ̀kọ́ tí orin kọ́ wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún béèrè bí ó ṣe kọ́ wa. Ẹ̀yin òbí, bí àwo kan bá wà nínú yàrá yín tí ìwé ara rẹ̀ ti ya, ẹ sọ ibi tí ẹ fẹ́ràn nínú rẹ̀ fún wa kí ẹ tó gbàgbé rẹ̀.

Nígbà tí àkọ́bí Bàbá wá gba fìláàṣì náà, ó ka ìwé, ó sì ya á lẹ́nu. Ó ní, "Bàbá, ogún ìṣẹ́jú fún ẹyọ kan? Ìgbà wo ni a ó lò ó?"

Bàbá ní, "Nígbà tí wọ́n bá ń dáná lọ́wọ́ ni."